Èwo ni kí n rà nínú àwọn àtúntẹ̀ Band on the Run? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Apápá

Mo kí gbogbo ilé. Bàbá mi lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Apápá, àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan sì wà lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa. Band on the Run ti Paul McCartney àti ẹgbẹ́ Wings ni wọ́n fẹ́ràn jù nínú rẹ̀, nítorí pé sítúdíò EMI tó wà ní Apápá níbí ni wọ́n ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn orin náà sílẹ̀ ní 1973. Bí àlejò bá wọlé, bàbá mi á gbé e lé ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí ó jókòó kí ó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní àdúgbò wa.

Rẹ́kọ́ọ̀dù náà ti gbó. Ojú rẹ̀ ti ha káàkiri, abẹ́rẹ́ sì máa ń fò ní apá kejì. Ní oṣù tó kọjá, mo ra sídíì àtúntẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tí ń ta orin àtijọ́, mo sì retí pé ohùn rẹ̀ yóò mọ́ ju ti bàbá mi lọ. Lóòótọ́ ó mọ́, ó sì ròkè, inú mi dùn sí i ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di orin kẹrin, etí ti sú mi, mo sì pa á. Mo padà sí rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń ta pàrà-pàrà bí àgbàdo lórí iná, ìlù inú rẹ̀ sì fò jáde bí ẹni pé onílù wà pẹ̀lú mi nínú yàrá.

Ṣé ìfẹ́ bàbá mi ló ń tàn mí jẹ ni, tàbí nǹkan kan wà tí wọ́n ṣe sí orin náà? Èwo ni kí n rà nínú àwọn àtúntẹ̀ tó wà lọ́jà? Mo ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù, mo ní ẹ̀rọ sídíì, mo sì máa ń gbọ́ orin lórí fóònù.

Alábẹ́rẹ́

Àbúrò, ẹ kú ìtọ́jú ogún bàbá. Etí yín kò tàn yín jẹ. Kí a tó dárúkọ àtúntẹ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí a ya ọ̀rọ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀, nítorí pé àwọn tí ń tajà máa ń lù wọ́n pọ̀ mọ́ra. Àtúntẹ̀ ni pé wọ́n tún rẹ́kọ́ọ̀dù tàbí sídíì tẹ̀ síta. Ohùn inú rẹ̀ lè jẹ́ ti àtijọ́ gan-an. Àtúntò ni pé ẹnìkan mú ìyá téèpù, èyí tí gbogbo ohùn ti pò pọ̀ sórí rẹ̀ tán, ó sì tún ìwọ̀n báàsì, ìwọ̀n ohùn òkè àti bí orin ṣe ròkè tó ṣe. Àtúnpò jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ: wọ́n padà sí téèpù tí gìtá, ìlù àti ohùn ẹnu ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ pò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọbẹ̀ tí wọ́n tún gbóná tí wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ kún ni àtúntò. Ní ti àtúnpò, ata ni wọ́n tún lọ̀.

Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ọdún tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí lọ. Nígbà tí wọ́n gbé àwọn àwo The Beatles, ẹgbẹ́ tí McCartney wà tẹ́lẹ̀, jáde lórí sídíì ní 1987, George Martin, ẹni tó ń darí gbígba orin wọn sílẹ̀, tún àwo Help! àti Rubber Soul pò, nítorí náà ẹni tó ra sídíì Rubber Soul lọ́dún náà kò gbọ́ ohun tí àwọn tó ra sítẹ́rió ní 1965 gbọ́. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2009 jẹ́ àtúntò. Sgt. Pepper's ti 2017, tí òun náà jẹ́ àwo wọn, jẹ́ àtúnpò, Giles Martin tí í ṣe ọmọ George Martin ló sì ṣe é. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́ lórí igbá ọjà.

Ẹ gbọ́ ti Raw Power tí Iggy Pop àti The Stooges ṣe. David Bowie ló pò ó fún ìtẹ̀jáde 1973, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kùn pé ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, pé báàsì kò hàn. Ní 1997 Iggy fúnra rẹ̀ tún un pò, ó sì ti ohùn rẹ̀ sókè débi pé gbogbo nǹkan ń gbọ̀n. Ní 2010 wọ́n tún dá ti Bowie padà sọ́jà. Mo ní méjèèjì nílé. Ti Bowie ni mo máa ń gbé lé ẹ̀rọ, nítorí pé bó ṣe tín-ín-rín tó yẹn náà, mo lè gbọ́ bí gìtá James Williamson ṣe ń gé afẹ́fẹ́.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n wa tó béèrè yìí ní etí ní àlàyé, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyẹn.

Sídíì ní òrùlé tí ohùn kò lè gbà kọjá. Nínú orin tí ènìyàn ń lù, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá ni ìlù máa ń fò sókè kan òrùlé yẹn, tí ìyókù orin sì wà nísàlẹ̀ dáadáa. Àyè tó wà láàárín òun àti ìyókù ló ń jẹ́ kí ìlù dà bí ìlù. Láti ọdún 1990 lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ orin bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn díje nípa ẹni tí sídíì rẹ̀ yóò ròkè jù bí wọ́n bá fi í sínú ẹ̀rọ. Níwọ̀n ìgbà tí òrùlé kò ṣeé ṣí, ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí wọ́n gé orí àwọn ohùn tó yọ sókè, kí wọ́n sì gbé gbogbo ìyókù lọ bá a lókè. Orin náà á ròkè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó dà bí dùndún tí wọ́n fún ọṣán rẹ̀ pa tí wọn kò sì tú u sílẹ̀ mọ́: ohùn òkè nìkan ni yóò máa sọ, kò ní lè wálẹ̀ kí ó tó tún gòkè, ẹni tí ń gbọ́ ọ kò sì ní rí ibi sinmi sí. Ìdí nìyí tí etí fi ń súni.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé etí ènìyàn máa ń fẹ́ èyí tó ròkè nígbà àkọ́kọ́. Bí mo bá gbé orin kan náà fún yín nígbà méjì, tí ẹ̀kejì sì fi díẹ̀ ga ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ̀kejì ni ẹ óo sọ pé ó mọ́ jù, tí ẹ kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé gíga rẹ̀ ni ẹ fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá àtúntẹ̀ méjì lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé ẹ ti mú gíga wọn dọ́gba. Ẹ gbé fóònù tó lè wọn ariwo sí ibi tí ẹ máa ń jókòó, ẹ yan ibi kan náà nínú orin, ẹ sì yí èyí tó ròkè wálẹ̀ títí tí ìwọ̀n méjèèjì yóò fi bára mu. Lẹ́yìn náà kí ẹlòmíràn máa yí i padà fún yín, kí ó má sì sọ èyí tó ń lù. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ẹ̀rí rẹ̀ yóò yé yín ju ìwé ẹnikẹ́ni lọ.

Ní ti fóònù, ìdíje ariwo yìí kò tilẹ̀ wúlò níbẹ̀ mọ́. Spotify máa ń mú gbogbo orin wá sí nǹkan bíi −14 LUFS (òṣùwọ̀n bí orin ṣe ròkè tó létí) bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ìyẹn ni pé orin tí wọ́n ti gé lórí kí ó lè ròkè yóò bá àwọn tó kù dọ́gba, ṣùgbọ́n orí tí wọ́n gé kò ní hù padà.

Ọmọ Pẹ́kámù

Ẹ kú àárọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti ń kó Band on the Run jọ láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn téèpù náà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdáhùn yín wà.

Onílù ẹgbẹ́ náà, Denny Seiwell, àti onígìtá wọn, Henry McCullough, ti kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbéra. McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀ àti Denny Laine nìkan ni wọ́n dé Èkó pẹ̀lú ẹlẹ́rọ ohùn wọn, Geoff Emerick. Ìlù tó ń fò jáde nínú rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá yín yẹn, McCartney fúnra rẹ̀ ló lù ú. Wọ́n bá irinṣẹ́ díẹ̀ ní Apápá, orí téèpù olójú mẹ́jọ, èyí tó lè gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sì ni wọ́n gba ohùn sí. Àwọn olè dá McCartney àti ìyàwó rẹ̀ lọ́nà, wọ́n sì gba kásẹ́ẹ̀tì tí ó kọ àwọn orin náà sí, tó fi jẹ́ pé láti orí ni wọ́n ti ń rántí wọn. Wọ́n tún lọ sí sítúdíò ARC tí Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Ìkẹjà, wọ́n sì ṣe orin Picasso's Last Words níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wa níbí, wọ́n da ohùn náà sórí téèpù olójú mẹ́rìndínlógún ní sítúdíò AIR kí wọ́n lè fi àwọn ohun èlò tí Tony Visconti ṣètò kún un. Ọmọ Nàìjíríà kan, Remi Kabaka, lu ìlù sí orin Bluebird níbẹ̀.

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí: ohùn tí wọ́n gbà ní Apápá ti di ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pò ó. Ariwo "sss" téèpù tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti bí ìlù ṣe rọ̀ díẹ̀ létí jẹ́ ara orin náà. Bí àtúntẹ̀ kan bá gbọ́ bí ohun tí wọ́n gbà lánàá, ẹnìkan ti fọ nǹkan kúrò níbẹ̀, àwọ̀ orin sì máa ń bá ìdọ̀tí lọ.

Ní báyìí, àwọn tí mo mọ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kejìlá 1973 kò ní orin Helen Wheels nínú. Ti Amẹ́ríkà ní in. Sídíì wúrà tí ilé-iṣẹ́ DCC ṣe, tí Steve Hoffman sì tò, ni ọ̀pọ̀ olùkójọ máa ń wá, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti lọ sókè púpọ̀. Ti 1999 jẹ́ sídíì méjì fún ayẹyẹ ọdún 25, èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀kejì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ti 2010 ni kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́: ilé-iṣẹ́ Abbey Road ló tún un tò, ó sì gba ẹ̀bùn Grammy ní 2012 fún àwo ìtàn tó dára jù. Lọ́dún náà, fáìlì 24-bit/96 kHz (ìwọ̀n ohùn tó kún ju ti sídíì lọ) oríṣi méjì ni wọ́n tà, ọ̀kan tí wọ́n ti gé orí ohùn rẹ̀ àti ọ̀kan tí wọn kò gé. Ìyá téèpù kan náà ni, ẹlẹ́rọ kan náà ni, síbẹ̀ ìlù inú ọ̀kan wà láàyè ju ti èkejì lọ. Bí ẹ bá lè rí èyí tí wọn kò gé, òun ni kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà.

Èyí tó jáde ní oṣù Kejì 2024 fún ayẹyẹ 50 ọdún ni mo dá lábàá fún ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù yín. Miles Showell ló gbẹ́ ẹ ní Abbey Road pẹ̀lú ìdajì eré. Wọ́n sì fi àwo kejì kún un nínú ẹ̀dà kan, èyí tí Emerick pò ní oṣù Kẹwàá 1973 kí wọ́n tó fi ohun èlò Visconti sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá a. Omijé bọ́ lójú mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Nǹkan tí wọ́n gbé kúrò ní Èkó ni ẹ óo gbọ́ níbẹ̀, ní ìhòòhò.

Ìyá Ìbejì, Òṣogbo

Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ìdajì eré túmọ̀ sí? Wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí bí ẹni pé gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n, wọ́n á sì fi owó lé e.

Alábẹ́rẹ́

Ẹ kú ìbéèrè, ma. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ipa tí abẹ́rẹ́ yóò máa tọ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí orin lọ ní ìdajì eré rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ẹ náà á sì máa yí ní ìdajì, ìyẹn 16⅔ ní ìṣẹ́jú kan dípò 33⅓. Ohùn òkè bíi ti síńbà (idẹ pẹrẹsẹ tí onílù ń lù) àti ti lẹ́tà s lẹ́nu akọrin máa ń yára ju kí irin tí ń gbẹ́ ipa bá a dọ́gba lọ, ṣùgbọ́n bí eré bá dín sí ìdajì, irin náà á ráyè. Ó dára, ṣùgbọ́n kì í sọ téèpù burúkú di rere. Bákan náà ni 180 gíráàmù tí wọ́n máa ń kọ sára rẹ́kọ́ọ̀dù: ó wúwo lọ́wọ́, kò sì sọ ohunkóhun fún wa nípa ohùn inú rẹ̀.

Ẹ wo àárín rẹ́kọ́ọ̀dù níbi tí ipa ti parí kí ó tó kan bébà. Ẹni tó gbẹ́ ẹ sábà máa ń kọ àmì rẹ̀ síbẹ̀. Led Zeppelin II tí Robert Ludwig gbẹ́ ní 1969 ní RL níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń fi owó ńlá rà á títí dòní nítorí bí ìlù John Bonham ṣe ń lu ilẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò ìgbẹ́ náà láìpẹ́ nítorí pé abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú ń fò lórí rẹ̀. Páálí kan náà, ọdún kan náà, ohùn méjì. Bí ẹ bá fẹ́ ra rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ó ya àwòrán ibẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Àgbà Mónò

Ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kìlọ̀ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sá tẹ̀lé àtúnpò. Nígbà tí wọ́n ṣe Sgt. Pepper's ní 1967, mónò, ìyẹn èyí tí gbogbo ohùn ń gba ojú kan ṣoṣo jáde, ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú The Beatles jókòó tì nígbà tí wọ́n ń pò ó. Sítẹ́rió ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́rọ láti parí. Orin She's Leaving Home yára nínú mónò ju nínú sítẹ́rió lọ. Àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù mónò The Beatles tí wọ́n tẹ̀ ní 2014, tí Sean Magee gbẹ́ tààrà láti orí téèpù láìgba inú kọ̀ǹpútà kọjá, ni àtúntẹ̀ tí mo fẹ́ràn jù láyé mi. Ẹ kò nílò sípíkà méjì láti gbádùn wọn.

Ẹlẹ́rọ Ohùn

Bàbá, mo gbà pẹ̀lú yín nípa mónò ti 2014, ṣùgbọ́n mo yà díẹ̀ nípa àtúnpò. Revolver ti 2022, àwo The Beatles mìíràn, ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣe tẹ́lẹ̀: ní 1966, ìlù, báàsì àti gìtá wà pọ̀ lójú téèpù kan, wọ́n sì fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà tí àwọn òṣìṣẹ́ Peter Jackson, olùdarí fíìmù, ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mo gbọ́ báàsì orin Taxman níbẹ̀ bí mi ò ṣe gbọ́ ọ rí. Mi ò sọ pé kí ó gba ipò ti àtijọ́.

Mi ò sì gbà pé kọ̀ǹpútà ló ń ba ohùn jẹ́. Ní 2022 ló hàn síta pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn rẹ́kọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ Mobile Fidelity, tí àwọn olùkójọ gbà pé téèpù nìkan ni wọ́n ti gbẹ́, ti gba orí DSD, irú fáìlì kọ̀ǹpútà kan, kọjá. Inú bí àwọn ènìyàn, ó sì yẹ kí ó bí wọn, nítorí pé a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń rà. Ṣùgbọ́n rẹ́kọ́ọ̀dù tí wọ́n ti yìn fún ọdún púpọ̀ ni. Ọwọ́ ẹni tó tò ó ló ṣe iṣẹ́ náà.

Alágídígbo

Ẹ má gbàgbé àwọn tiwa. Ẹgbẹ́ BLO gbé Chapter One jáde ní Èkó ní 1973, ọdún kan náà tí McCartney wà ní Apápá, àwọn tó dá a sílẹ̀ sì ti bá Ginger Baker ṣeré rí nínú ẹgbẹ́ Salt. Wọ́n ti tún un tẹ̀. Ní ti irú àwọn orin ilẹ̀ wa bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè orísun rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, nítorí pé níbi tí ìyá téèpù bá ti sọnù, inú rẹ́kọ́ọ̀dù tó ṣẹ́kù ni wọ́n ti máa ń gba ohùn. Kò burú bí wọ́n bá rí èyí tó mọ́ tí wọ́n sì sọ òótọ́ fún olùrà.

Oníná

Mo rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè ohun tí ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀gá wa ń jẹ. Bí mọ́tò inú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ń tẹ̀lé ìlù iná mọ̀nàmọ́ná, iye ìgbà tí iná ń yí ló ń pinnu eré rẹ̀. Tiwa jẹ́ 50 Hz, ìyẹn àádọ́ta ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 60 Hz Amẹ́ríkà yóò lọ́ra pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́fà níbí, ohùn McCartney á sì dà bí ti ẹni tí oorun ń kùn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré burú jù, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan fíríìjì ni eré rẹ̀ ń yí padà. Mo ra àtúntẹ̀ mẹ́ta rí, mo sì dá gbogbo wọn lẹ́bi, kí n tó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ni. Ẹ fi ínfátà tí iná rẹ̀ ń lọ geere bọ́ ọ, ẹ wọn ìwúwo abẹ́rẹ́ (púpọ̀ nínú ti òde òní ń fẹ́ gíráàmù kan ààbọ̀ sí méjì), ẹ sì to rẹ́kọ́ọ̀dù ní ìnàró, jìnnà sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀.

Ọmọ Apápá

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ìdánwò tí Ẹlẹ́rọ Ohùn sọ. Àbúrò mi obìnrin ló ń yí i, mo sì kọjú sí ògiri. Nígbà tí gíga méjèèjì dọ́gba, rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá mi ni mo yàn nígbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, pẹ̀lú gbogbo pàrà-pàrà rẹ̀. Sídíì tí mo rà yẹn, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ohùn rẹ̀ rí pẹrẹsẹ lókè bí odi tí wọ́n fi okùn wọ̀n.

Mo ti fi omi àti aṣọ múlọ́múlọ́ nu rẹ́kọ́ọ̀dù náà, fífò rẹ̀ sì dín kù. Ẹ̀rọ mi jẹ́ ti 50 Hz, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ti sanwó fún ti 2024 tó ní àwo kejì, ọ̀rẹ́ mi kan ni yóò gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí n fi omi fọ ti bàbá mi lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó gbà á sórí kọ̀ǹpútà, tàbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Alábẹ́rẹ́

Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi bátìrì tí kò ní ásíìdì, ìyẹn omi tí wọ́n ti sè di ooru kí ó tó padà di omi, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó kan bébà àárín. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ọjọ́ kan. Gbà á sílẹ̀ ní 24-bit, kí ẹ fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ jìnnà díẹ̀ sí òrùlé, kí ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín yọ pàrà-pàrà náà kúrò.